Ibi tí a gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí ló ń pa ẹyẹ: ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná kì í pa ẹyẹ ní dọ́gbadọ́gba. Ní ọgbà ẹ̀rọ kan náà, ọ̀pọ̀ lè dúró fún ọdún púpọ̀ láì pa ẹyẹ ńlá kankan, kí àwọn díẹ̀ tó wà ní etí òkè sì máa pa igún lọ́dọọdún. Ohun àkọ́kọ́ tí kíka ẹyẹ lójú ọ̀run àti wíwá òkú ẹyẹ lábẹ́ ẹ̀rọ kọ́ mi nìyẹn. Òun ni mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ní kí a mú ọ̀kan nínú iná àti ẹyẹ. A lè mú méjèèjì, bí a bá ti mọ ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà kọjá kí a tó ri irin mọ́lẹ̀.

Mo fara mọ́ iná afẹ́fẹ́ àti iná oòrùn tọkàntọkàn. Èéfín èédú àti ti epo rọ̀bì ń mú ayé gbóná, ooru yẹn náà sì ń pa ẹranko: odò ń gbẹ, igbó ń jó, àkókò òjò ń yí mọ́ ẹyẹ aṣíkiri lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ẹyẹ ṣe àwáwí láti dá gbogbo iṣẹ́ iná tuntun dúró kò ran ẹyẹ lọ́wọ́. Àmọ́ tí ẹnìkan bá ní iná afẹ́fẹ́ ti mọ́ tónítóní, pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ yẹ̀ wò nínú rẹ̀, Altamont Pass ní California ni mo máa ń ní kó lọ kà nípa rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀rọ sórí àwọn òkè Altamont, títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibẹ̀ sì ni ibùgbé idì ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní golden eagle, nítorí pé ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ tí idì fẹ́ràn láti jẹ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kúrú, apá wọn sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń yí kíákíá. Gíga tí idì ń gbà nígbà tó bá ń dọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an ni apá ẹ̀rọ ń gbà. Ọ̀pọ̀ idì ló ń kú lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ tó tóbi, tó sì ga, rọ́pò wọn. Wọ́n tún wo bí òkè ṣe rí kí wọ́n tó yan àyè fún tuntun: wọn a yẹra fún àfo tó wà láàárín òkè méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹyẹ ń gbà kọjá nígbà tí kò bá fẹ́ gun òkè. Ìmọ̀ yìí ì bá wúlò jù bí wọ́n bá ti ní i kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè pé: igún tó ń rí òkú ẹran láti òkè réré, báwo ni kò ṣe rí ẹ̀rọ tó ga ju ilé alájà ogún lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ojú rẹ̀ ṣe wà ní orí. Àwọn tó wọn ojú igún rí i pé apá kan wà lókè orí rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò dé. Ó dára fún un, torí pé oòrùn kò ní máa wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tẹ orí ba láti wá oúnjẹ nílẹ̀, ibi tí kò rí yẹn ló wá di iwájú ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ohun tó wà lójú ọ̀run níwájú igún láti ọdúnmọ́dún tí ì bá kọ lù, nítorí náà ara rẹ̀ kò kọ́ ọ láti máa wo iwájú. Ẹ wá ro ti ẹ̀rọ mọ́ ọn. Apá tó gùn ní mítà 50, tó ń yí ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi mítà 78 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ju kìlómítà 280 lọ ní wákàtí kan. Láti ọ̀ọ́kán, ó dà bíi pé ó ń rọra yí ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyẹ ṣe ń rí i.

Igún kì í ṣe ẹ̀gà tó ń yé, tó ń pa lọ́pọ̀ yanturu. Ẹyin kan ni àwọn igún ńlá Áfíríkà ń yé lọ́dún, wọ́n sì máa ń tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bí ẹ̀rọ kan bá ń pa àgbà igún méjì péré lọ́dún, ó lè tó láti mú kí àgbájọ wọn ní àgbègbè kan máa dín kù. Ní 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkójọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, gbé gúnnugún tí a mọ̀ nílé, igún ẹ̀yìn funfun àti igún Rüppell bọ́ sí ìpele tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pa rẹ́ nínú igbó. Àwa tí àwọn baba wa sọ fún pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, ọjà wa kún fún orí igún lónìí. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kọ́ ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi sí àyè fún àṣìṣe mọ́ níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣáájú gbogbo iṣẹ́ ni kíka ẹyẹ. Ìlànà tí àjọ tó ń mójú tó ẹ̀dá ní Scotland ń lò dára láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: a ó yan ibi gíga tí ènìyàn lè jókòó sí, tí ojú rẹ̀ á dé kìlómítà 2 níwájú, láì ju ìdajì àyíká lọ. Ó kéré tán, wákàtí 36 ni a gbọ́dọ̀ lò ní ibi ìjókòó kọ̀ọ̀kan fún àsìkò kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, kí a sì ṣe é fún ọdún méjì. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, a ó kọ irú rẹ̀, iye rẹ̀ àti àkókò sílẹ̀, a ó fa ìlà ọ̀nà rẹ̀ sórí máàpù, a ó sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò ní ìpele gíga kọ̀ọ̀kan. Bí òpó ẹ̀rọ bá ga ní mítà 80, tí apá rẹ̀ gùn ní mítà 50, láti mítà 30 títí dé 130 ni ibi ewu. Ojú ènìyàn máa ń ṣi gíga wọ̀n, nítorí náà mo fara mọ́ kí a ka 20 sí 150 sí ibi ewu. Òpó tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, tí a mọ gíga rẹ̀, ni kí òṣìṣẹ́ máa fi díwọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ibi tí iṣẹ́ kíka yìí ti máa ń bàjẹ́ kò fara sin. Àwọn kan á jí lówùúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á parí ní aago mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ igún kò tíì gbéra: ó ń dúró de ìgbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbé e gòkè. Ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni àwọn mìíràn fi ń kà, torí ojú ọ̀nà gbẹ, wọ́n á sì pàdánù oṣù tí ẹyẹ aṣíkiri ń kọjá. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà fẹ́ sílẹ̀. Èyí burú jù lójú mi, nítorí pé ẹyẹ tó ń gun afẹ́fẹ́ òkè, ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń kọ lù ló ń lò. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ẹ̀rọ tí kò léwu lánàá lè di apẹyẹ lónìí. Tí àkọsílẹ̀ bá pé, a lè sún ẹ̀rọ sẹ́yìn kúrò ní etí òkè, a lè yọ méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú àwòrán, gbogbo rẹ̀ á sì parí lórí bébà. Nígbà tí wọ́n bá ti la ọ̀nà, tí wọ́n ti da ìpìlẹ̀, sísún ẹ̀rọ kan di owó tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ ná.

Ó dára, wọ́n ti kọ́ ọ, ẹyẹ ṣì ń kọjá níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí a máa dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ẹyẹ bá ń bọ̀. Tarifa, ní gúúsù Spain, ni wọ́n ti fi hàn pé èyí ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni ẹyẹ Yúróòpù ti ń kó ara wọn jọ kí wọ́n tó la omi Gibraltar kọjá wá sí Áfíríkà. Ní ọgbà ẹ̀rọ 13 tó ní ẹ̀rọ 296, wọ́n fi àwọn olùṣọ́ sí i tí wọ́n ń wo ẹyẹ, wọ́n sì ń dá kìkì ẹ̀rọ tí ẹyẹ dojú kọ dúró. Igún tó ń kú dín kù ní ìdajì. Iná tí wọ́n pàdánù lọ́dún jẹ́ 0.07% péré. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé ẹyẹ á gba iná lọ́wọ́ wa rí iye yẹn dáadáa.

Ní Kenya, ọgbà ẹ̀rọ Kipeto ní Kajiado, tó ní ẹ̀rọ 60 tó ń ṣe nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 100, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná ní 2021, ń lo irú ọ̀nà yìí fún igún Rüppell àti igún ẹ̀yìn funfun. Àwọn ọ̀dọ́ Maasai àdúgbò wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà, wọ́n sì mọ ojú ọ̀run wọn ju àlejò lọ. Ní etí òkun Suez ní Egypt, lójú ọ̀nà tí ẹyẹ tó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ń gbà kọjá láàárín Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà, rédà ni wọ́n fi ń ran ojú ènìyàn lọ́wọ́.

Ìṣirò dídá dúró rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn máa ń ṣì í. Igún tó ń fò gbọọrọ lè máa lọ ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí olùṣọ́ mọ̀ pé igún ni, kó pe ilé ìdarí ẹ̀rọ lórí wókí-tókì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí ẹ̀rọ tó yí apá rẹ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, lè tó ìṣẹ́jú kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 90: igún ti rin mítà 1,350. Nítorí náà, ìlà tí a ó fi àṣẹ sí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, olùṣọ́ sì gbọ́dọ̀ ti rí ẹyẹ kó tó dé ìlà náà. Bìnókúlà 8×42 tàbí 10×42 tó fún iṣẹ́ yìí. Kí olùṣọ́ má dá wà. Kí wọ́n máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní wákàtí méjì-méjì, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, ojú á máa wo, ọkàn kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Kí ilé ìṣọ́ ní ìbòòji, kó sì wà ní ibi tí oòrùn kò ti ní dojú kọ wọ́n ní aago mẹ́wàá sí mẹ́rin.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni àṣẹ. Bí olùṣọ́ bá ní láti bẹ ọ̀gá, kí ọ̀gá bi ọ̀gá rẹ̀, ẹyẹ ti kú. Ẹni tó wà lórí òkè gbọ́dọ̀ lè sọ pé “Dá nọ́mbà 14 sí 17 dúró,” kó sì rí bẹ́ẹ̀ láìsí ìbéèrè. Àlàyé á tẹ̀lé e nínú ìwé àkọsílẹ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ bá olùṣọ́ wí nítorí pé ẹyẹ yà kúrò lẹ́yìn tó dá ẹ̀rọ dúró. Bí wọ́n bá bá a wí lẹ́ẹ̀kan, yóò máa ṣiyèméjì nígbà mìíràn. Ẹ tún yẹ ibi tí wókí-tókì kì í ti gbọ́ra wò kí ẹ tó yan ilé ìṣọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kámẹ́rà tó ń dá ẹyẹ mọ̀, tó sì ń dá ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀, ti wà báyìí. Ó wúlò, pàápàá níbi tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìkùukùu, eruku ọyẹ́ àti òkè tó bo ojú á dí i lọ́wọ́, ó sì ń fẹ́ iná, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó máa nu ojú rẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n fún ọ̀dọ́ àdúgbò, èmi á fi ènìyàn sí i, kámẹ́rà á sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkun apá ẹ̀rọ ní dúdú gbajúmọ̀ púpọ̀, mo sì fẹ́ kí a fi sí ààyè rẹ̀. Ní erékùṣù Smøla ní Norway, níbi tí ẹ̀rọ 68 wà láàárín ibùgbé idì onírù funfun, wọ́n kun ọ̀kan nínú apá mẹ́ta ẹ̀rọ mẹ́rin ní dúdú, kí yíyí rẹ̀ lè máa hàn sí ẹyẹ. Ikú ẹyẹ dín kù ní nǹkan bíi 72% níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́rin kéré, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì jọ ti ilẹ̀ gbígbóná. Wọ́n tún kun ìsàlẹ̀ òpó àwọn ẹ̀rọ kan ní dúdú títí dé nǹkan bíi mítà 10, nítorí ẹyẹ ptarmigan tó jọ àparò, tó máa ń fò gba ìsàlẹ̀ lọ kọ lu òpó funfun fúnra rẹ̀; ikú tirẹ̀ náà dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó ní kí wọ́n kùn ún ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe apá. Kíkun apá tó ti wà lókè ń fẹ́ okùn, ojú ọjọ́ tó dákẹ́ àti owó púpọ̀. Kó sì béèrè lọ́wọ́ àjọ ọkọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣáájú, torí wọ́n ní òfin lórí àwọ̀ ohun gíga.

Òru ní tirẹ̀. Òòbẹ̀ kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò ń kú sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní iye tó ju ti ẹyẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì ń kú jù ní òru tí afẹ́fẹ́ kò le, torí ìgbà yẹn ni kòkòrò ń fò. Oògùn rẹ̀ ti dájú. Ẹ̀rọ púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti tó mítà 3 tàbí 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tó mítà 5, òòbẹ̀ tó ń kú á dín kù gidigidi. Ní Casselman, Pennsylvania, ní 2008 àti 2009, ikú wọn dín kù láti 44% dé 93% ní àwọn òru tí wọ́n ṣe é, iná tó sọnù kò sì ní tó 1% ti ọdún. Ìdí tí àdánù fi kéré bẹ́ẹ̀ ni pé agbára tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń bá eré rẹ̀ × eré rẹ̀ × eré rẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 5, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára èyí tó ń fẹ́ ní mítà 10 ló ní. Ohun kan tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí afẹ́fẹ́ tó dé ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ̀rọ yí apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe máa yí lásán. Ẹ̀rọ tó ń yí láì ṣe iná ń pa òòbẹ̀ láì ní èrè kankan.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fetí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn òòbẹ̀ lóru ni ọ̀pọ̀ ìlànà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà dá lé. Àdán wa, àdán ńlá tó ń jẹ èso, tó pọ̀ lórí igi ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kì í fi ohùn wá ọ̀nà. Ojú àti imú ló ń lò. Ẹ̀rọ agbóhùn á dúró síbẹ̀ fún ọdún kan, àdán á máa kọjá lórí rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ìwé ìròyìn á sì jáde pé kò sí nǹkan. Ohun tó yẹ ni kí a ka àdán nígbà tó bá ń jáde ní ìrọ̀lẹ́: kí a dúró sí ibi tí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, kí a kọ ìhà tí wọ́n gbà lọ àti bí wọ́n ṣe ga tó sílẹ̀, kí a sì fi kámẹ́rà tó ń rí ooru ara ṣọ́ ibi tí a fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí láàárín òru. Kí a tún un ṣe lóṣooṣù, nítorí pé àdán yìí ń ṣí kiri bí èso ṣe ń pọ́n. Àdán yìí náà ló ń gbé èso ìrókò kiri, tó ń jẹ́ kí ó hù jìnnà sí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá pa á ń pa igbó tí kò tíì hù.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wíwá òkú ni a fi ń mọ̀ bóyá ètò ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ á máa rìn ní ìlà tó jìnnà síra ní mítà 5 tàbí 6 yí ẹ̀rọ ká, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹyẹ ńlá, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún òòbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú tí a rí kì í ṣe gbogbo òkú tó wà. A ní láti fi òkú tí a mọ iye rẹ̀ pa mọ́ sí ilẹ̀ láì sọ fún òṣìṣẹ́, kí a mọ ìdá tó rí. A tún ní láti fi òmíràn sílẹ̀, kí a máa wò ó lójoojúmọ́, kí a mọ ìgbà tí ìkookò, ajá tàbí èèrà á kó o lọ. Ká ní òṣìṣẹ́ ń rí ìdajì, tí 60% òkú ṣì wà nílẹ̀ títí ọjọ́ wíwá, tí ilẹ̀ tí a lè rìn sì jẹ́ 80%: 0.5 × 0.6 × 0.8 jẹ́ 0.24. Òkú mẹ́fà tí a rí dúró fún nǹkan bíi 25. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ “mẹ́fà” sínú ìwé rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́. Fún òòbẹ̀, ajá tí a kọ́ ni mo fara mọ́. Ní ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ajá rí ju 70% lọ, níbi tí ojú ènìyàn kò ti rí ìdajì.

Òkú màlúù àti àgùntàn náà jẹ́ apá kan iṣẹ́ yìí. Òkú ẹran lábẹ́ ẹ̀rọ ń pe igún wá sínú ewu, nítorí náà darandaran gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà tí yóò pè, kí ọkọ̀ gbé òkú náà kúrò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a má sun ún, kí a má sì rì í. Ní Yúróòpù, lẹ́yìn òfin 2002 tó wáyé nítorí àrùn wèrè màlúù, wọ́n kó gbogbo òkú ẹran kúrò ní pápá, ebi sì pa igún Spain débi pé wọ́n ní láti tún òfin náà ṣe lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kí a gbé òkú náà jìnnà sí ẹ̀rọ, sí ibi tí igún lè jẹ ẹ́ láìléwu. Kó sì dá wa lójú pé májèlé kò pa ẹran náà: ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, májèlé tí darandaran ń fi sínú òkú màlúù láti pa kìnnìún àti ìkookò ń pa igún ju ẹ̀rọ lọ. Òkú kan lè pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún igún. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí owó tí ọgbà ẹ̀rọ bá ná láti bá darandaran mọ ọgbà tí kìnnìún kò lè wọ̀ fi lè gba ẹ̀mí igún là ju ohunkóhun tó ṣe lórí òkè tirẹ̀.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ọgbà iná oòrùn tí kò ní apá tó ń yí lè pa ẹyẹ púpọ̀ nípa òpó 11 kV tàbí 33 kV tó gbé iná rẹ̀ jáde. Òpó tó burú jù ni èyí tó ní irin ìdábùú, tí tanganran tó ń gbé wáyà dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, tí wáyà sì wà lókè tanganran. Ẹyẹ bà lé irin tó so mọ́ ilẹ̀, apá rẹ̀ kan wáyà, ó tán. Ìbú apá gúnnugún tó bá nà án ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Lẹ́bàá Port Sudan, ìlà iná kan tó gùn ní kìlómítà 31, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1950, pa igún Egypt lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pa á tì ní 2014.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí tanganran rọ̀ sábẹ́ irin dípò kó dúró lórí rẹ̀. Kí àyè láàárín wáyà méjì tó sẹ̀ntímítà 150 ní ìbú, kó sì tó 100 ní òró. Wáyà kúkúrú tó ń fò láti ìhà kan òpó sí èkejì, kó gba abẹ́ irin kọjá, kí a sì fi rọ́bà bò ó. Òpó transformer ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni irin àti wáyà ihòòhò ti kún jù. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí oòrùn kì í là. Èyí tí kò dára á fọ́ láàárín ọdún díẹ̀, òpó á sì tún máa pa ẹyẹ. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó kí ẹyẹ má bàa bà kì í tó: ẹyẹ á sún sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ sì lè burú jù. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ iná pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá jó lórí wáyà lè mú kí iná kú fún ìlú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọ̀ wọ́n létí.

Fún wáyà ńlá orí òpó gogoro, kíkọ lù ú ni ewu rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè pátápátá, tó wà fún mànàmáná ojú ọ̀run, ló sì ń pa wọ́n jù. Àmì tí wọ́n ń so mọ́ ọn ní mítà 5 sí 10 ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdajì lápapọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ní De Aar, ní aṣálẹ̀ Karoo ní South Africa, àmì yìí dín ikú ẹyẹ blue crane, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kù ní 92%, kò sì ran bustard, ẹyẹ ńlá tó ń gbé pápá, lọ́wọ́ rárá. Bustard kì í wo iwájú nígbà tó bá ń fò. Níbi tí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ bá wà, ọ̀nà méjì ló kù: kí wáyà gba ibòmíràn, tàbí kó wọ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ẹyẹ bustard India lọ sí Kóòtù Tó Ga Jù níbẹ̀ ní 2019.

Ní ti ọgbà iná oòrùn fúnra rẹ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Kí a yan ilẹ̀ tí wọ́n ti dá oko sí tẹ́lẹ̀ dípò igbó. Kí a ṣí ìsàlẹ̀ wáyà ọgbà ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 kí ẹranko kéékèèké lè kọjá. Kí a gé koríko dípò kí a fi oògùn jó o.

Ohun tó kù wà nínú ìwé àdéhùn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí mo ti sọ lè kú sí. Ilé iṣẹ́ tó ń ra iná máa ń fi ìjìyà sí àdéhùn bí ẹ̀rọ bá dúró. Bí ìwé náà kò bá yọ dídá dúró nítorí ẹyẹ sọ́tọ̀, ọ̀gá ọgbà ẹ̀rọ á máa wá àwáwí láti má dá a dúró, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: wákàtí tí a dá ẹ̀rọ dúró fún ẹyẹ tàbí òòbẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Àwọn ilé ìfowópamọ́ tó ń tẹ̀lé ìlànà ti 2012, òǹkà kẹfà, tí IFC (ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá ilé iṣẹ́ aládàáni lówó) gbé kalẹ̀, ń béèrè pé kí iye ẹ̀dá tó wà nínú ewu pọ̀ sí i ní ibùgbé wọn tó ṣe pàtàkì jù, kó má kàn dúró síbi tó wà. Ìlànà náà wúlò fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí owó tó jáde. Owó oṣù olùṣọ́, owó ajá, owó rọ́bà òpó àti ti ẹni tó ń wá òkú gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí wọ́n ń ta iná láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tú ẹ̀rọ, kì í ṣe láti àpò ẹ̀bùn tó máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kí àkọsílẹ̀ òkú sì máa jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún, pẹ̀lú nọ́mbà ẹ̀rọ tó pa ẹyẹ kọ̀ọ̀kan.